Irin ni, àbí alumíníọ̀mù? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí díìṣì sátẹ́láìtì

Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ti díìṣì ló pọ̀ jù. Irin, alumíníọ̀mù, alàwọ̀n tàbí faiba, èwo ló ń jẹ́ kí àwòrán mọ́? A mú mẹ́fà nínú àwọn ìbéèrè náà. Èyí àkọ́kọ́ la fún láyè jù, torí òun ni ìpìlẹ̀ àwọn yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ ra díìṣì 90 sẹ̀ntímítà fún ilé tuntun. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá lọ́jà ní alumíníọ̀mù ló ń fa sígínà jù, pé ti irin kì í ṣe ojúlówó. Ẹnì kejì ní irin ni kí n rà torí pé ó wúwo. Owó alumíníọ̀mù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti irin. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Olùkà kan ní Àpáta, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. Díìṣì kì í fa nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dá ìgbì tó ń bọ̀ láti òkè padà, kó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo, níbi tí LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba sígínà, wà. Ní ti ìdápadà yìí, ọgbọọgba ni irin àti alumíníọ̀mù. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ń dá ohun tó ju 99 nínú 100 ìgbì tó bá bà á padà. Ìyàtọ̀ tó kù kò tó ohun tí díkódà lè fi hàn.

Bí ikùn díìṣì ṣe rí ló ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀. Àwọn ìkànnì DStv tí ọ̀pọ̀ ilé ń wò, tí sátẹ́láìtì wọn wà ní dìgírì 36 ìlà-oòrùn, ń wá lórí Ku, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbì kan tí sátẹ́láìtì ń lò, ní nǹkan bíi 12 GHz. Gígùn ìgbì kan níbẹ̀ kò ju mìlímítà 25 lọ. Tí ikùn díìṣì bá fi mìlímítà 1 péré yà káàkiri kúrò ní ìrísí tó yẹ kó ní, nǹkan bíi 22 nínú 100 agbára sígínà ti lọ nìyẹn. Tó bá di mìlímítà 2, ohun tó lọ ju 60 nínú 100. Ìgbì tó bá ibi tó wọ́ kì í padà sójú LNB, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé díìṣì irin olówó pọ́ọ́kú tí ikùn rẹ̀ pé yóò lé alumíníọ̀mù olówó ńlá tó ti ló sẹ́yìn lọ réré.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra ni líle àti ìwúwo. Irin le ní ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ̀mù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Kí páànù alumíníọ̀mù tó lè dúró gírí bíi ti irin, ó gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Ohun tí irin 0.7 mìlímítà ń ṣe, alumíníọ̀mù 1 mìlímítà ló lè ṣe é, ìwúwo rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìdajì péré. Alumíníọ̀mù tó nípọn dáadáa dára púpọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni ẹ sá fún, torí ìjì kan ṣoṣo tó láti yí ìrísí rẹ̀ padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú òòfà kékeré dání. Tó bá lẹ̀ mọ́ díìṣì, irin ni, ohun yòówù kí olùtajà máa pè é. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ikùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọlé kó tún ta padà pẹ̀lú ariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró, ẹ fi ojú kan wo etí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Etí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára wọn mu, bí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ níbì kan, ó ti ló. Èyí tó dájú jù ni ti okùn. Ẹ na òwú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ etí díìṣì, ẹ na òmíràn láti òsì dé ọ̀tún, kí méjèèjì le dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù mú orí wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kanra níbi tí wọ́n ti kọjá lórí ara wọn, láìsí pé ọ̀kan ń ti èkejì. Ẹ pààrọ̀ wọn, kí èyí tó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì tún wò. Bí àlàfo bá ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ, ẹ fi díìṣì yẹn sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ibi kékeré kan tó tẹ̀ wọnú bí owó ẹyọ kì í ṣe ìṣòro, torí kò tó 1 nínú 100 ojú díìṣì. Òòlù tí àwọn kan fi ń nà án kó lè padà sípò ló ń ba tàgbègbè rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ ṣe gbé e délé náà ṣe pàtàkì. Ẹ má gbé e lórí ọ̀kadà kí ẹni ẹ̀yìn máa fi orúnkún tì í, ẹ má sì fi apá tó ń gbé LNB ṣe ìdìmú. Tí apá yẹn bá tẹ̀, LNB kò ní sí lójú ibi tí ìgbì ń kóra jọ sí mọ́, ẹ ó sì máa bú díìṣì tí kò ṣẹ̀.

Àpáta jìnnà sókun. Irin tí wọ́n fi síńkì bò kí wọ́n tó fi ọ̀dà kùn ún ló yẹ yín. Ẹ fi owó tó bá kù ra LNB tó dára àti kébù RG6, èyí tó ń gbé sígínà láti LNB lọ sí díkódà, tí wáyà àárín rẹ̀ jẹ́ bàbà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbẹ́ òkun ni ilé wa wà ní Àgbádárìgì. Díìṣì irin tí mo rà ti dógùn-ún láàárín ọdún méjì, àmọ́ àwòrán ṣì ń wọlé. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n kùn ún? Kí ni mo lè rà tí kò ní dógùn-ún?

ÌDÁHÙN: Ìpẹtà tín-ínrín lójú díìṣì kì í dí ìgbì lọ́wọ́. Ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá dé ara irin, ó sì ń padà. Ìdí tí àwòrán yín fi ṣì ń wọlé nìyẹn. Ibi tí ìpẹtà ti ń pa díìṣì ni ẹ̀yìn, níbi tí bóòtù ti gbá irin inú rẹ̀ mú. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń sá pamọ́ sábẹ́ wáṣà, yóò jẹ ihò náà títí yóò fi gbòòrò, díìṣì á wá máa mì. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn kékeré á yí i kúrò lójú sátẹ́láìtì. Torí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Bí ihò bóòtù bá ṣì le, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó dógùn-ún, ẹ fi sáńpépà fá a, ẹ fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀dà tí kò dán kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lo póòtì tí àwọn tó ń ṣe ara ọkọ̀ ń lò láti fi dí ihò lójú díìṣì, ìgbì kì í bá póòtì kó padà. Bí ihò bóòtù bá ti jẹrà, ẹ má fowó ṣòfò lórí kíkùn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, alumíníọ̀mù ló yẹ ẹ̀bá òkun. Kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀tá tirẹ̀. Bí irin lásán tàbí bàbà bá fara kàn án níbi tí omi iyọ̀ wà, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà láyìíká ibẹ̀, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́bàá bóòtù. Nítorí náà, ẹ lo bóòtù tí wọ́n fi síńkì bò, tàbí èyí tí kì í dógùn-ún tí ẹ fi wáṣà ike sáàárín òun àti díìṣì. Ẹ fi gíríìsì pa ẹnu bóòtù kí ẹ tó dì í. Kí irin ògiri tó gbé díìṣì dúró náà jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú síńkì gbígbóná, torí a ti ń rí alumíníọ̀mù tó ṣì ń dán lórí irin ògiri tó ti jẹrà tán. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò lára gbogbo rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra díìṣì alàwọ̀n 1.8 mítà ní Ṣakí. Àwọn ìkànnì tó ń wá lórí C, ọ̀wọ́ ìgbì tó gùn ju Ku lọ, ń wọlé dáadáa. Mo wá fi LNB Ku sí i, mo rò pé bó ṣe tóbi yẹn, yóò ju ti 90 lọ. Kò mú ohun kan bí alárà. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ihò àwọ̀n ni, àti ìrísí ikùn rẹ̀. Òfin tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé ihò àwọ̀n kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìgbì. Ìgbì C, ní nǹkan bíi 4 GHz, gùn tó mìlímítà 75, ihò 7 mìlímítà kò sì ní jẹ́ kó jò. Ti Ku kò ju 25 lọ, ihò tó bá ju mìlímítà 2.5 lọ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó gba inú rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ooru ilẹ̀ ń gba ihò kan náà wọlé bá LNB, ariwo á wá bo ìwọ̀nba sígínà tó kù. Ẹ fi rúlà wọn ihò ti yín, ẹ ó rí ìdáhùn lójú ara yín.

Ohun kejì ni pé mẹ́ńbà díìṣì alàwọ̀n, ìyẹn àwọn abala tí wọ́n pín in sí, pọ̀, ọwọ́ ni a fi ń tò ó pọ̀. Tí ó bá fi mìlímítà 2 yà kúrò ní ìrísí, ohun tí C ń pàdánù kò ju nǹkan bíi 11 nínú 100 lọ, nígbà tí Ku ń pàdánù ohun tó ju 60 lọ. Díìṣì yín dára fún C. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ra 90 kékeré fún Ku.

Nígbà mìíràn tí ẹ bá tú u, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo mẹ́ńbà rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Ẹ fi gbogbo bóòtù sípò láìdì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ẹ di ọ̀kan ní apá kan, kí ẹ lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, títí tí gbogbo wọn yóò fi le. Ẹni tó bá di mẹ́ńbà kan pa kó tó lọ sí èkejì yóò rí i pé èyí tó gbẹ̀yìn kò ní wọlé àfi tó bá fi ipá tì í, ipá yẹn ló sì ń ló díìṣì. Ẹ lo òwú méjì kí ẹ tó gbé e sókè. Àlàfo mìlímítà 5 kò burú fún C.

A fẹ́ràn alàwọ̀n fún àdúgbò olókè bíi ti yín nítorí atẹ́gùn. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń fi agbára tó tó nǹkan bíi kílò 30 ti díìṣì 90 tí kò níhò. Tó bá jẹ́ 1.8 mítà tí kò níhò, ó di nǹkan bíi kílò 120, ìyẹn sún mọ́ àpò sìmẹ́ǹtì méjì àbọ̀ tó ń ti òpó yín láti ẹ̀gbẹ́. Alàwọ̀n ń jẹ́ kí apá kan atẹ́gùn yẹn kọjá. Síbẹ̀, páìpù ìnṣì 3 ni kí ẹ lò, kí mítà 1 rẹ̀ wọlẹ̀ sínú kọnkéré, kó sì dúró ṣánṣán. Kí ẹ ṣe é kí ìjì oṣù kẹta tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ta díìṣì faiba àtijọ́ fún mi ní Ìlọrin. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, mo ń rí òwú òwú nínú rẹ̀. Ṣé ó ṣì dára?

ÌDÁHÙN: Ìgbì ń gba inú faiba kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọ̀n irin tàbí páànù tín-ínrín tí wọ́n tẹ́ sáàárín faiba náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀bá ihò bóòtù tàbí etí tó fọ́, ẹ ó rí i níbẹ̀. Bó bá ti jẹrà, tàbí tó ti yọ kúrò lára faiba tó sì ṣe kókó lábẹ́ ojú díìṣì, ẹ má rà á. Bó bá wà pérépéré, tí ìdánwò òwú sì dára, faiba kì í tètè wọ́, ó sì pẹ́ lójú oòrùn tí ẹ bá tún un kùn. Kìkì pé ó wúwo, ẹ má gbé e sórí ògiri búlọ́ọ̀kù lásán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ fi díìṣì Sky rẹ̀ (Sky ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì ibẹ̀) ránṣẹ́ sí mi nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Alàwọ̀n kékeré ni, kò dógùn-ún rárá. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí àléébù lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ihò rẹ̀ kéré tó fún Ku. Títóbi rẹ̀ ni kò tó. Èyí tí wọ́n ń lò ní gúúsù Ìlú Ọba fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 43, nítorí pé sátẹ́láìtì ibẹ̀, ní dìgírì 28.2 ìlà-oòrùn, ń da sígínà tó lágbára sórí ilẹ̀ wọn. Ohun tó ń gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí 90 ń gbà. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ó lè mú àwòrán díẹ̀ jáde. Òjò Abẹ́òkúta kò ní fún un láyè. Ẹnu tí wọ́n fi ń mú LNB rẹ̀ kò sì bá LNB ọrùn 40 mìlímítà tí ẹ ń rí lọ́jà mu. Tó bá jẹ́ LNB Sky Q, irú tí Sky ṣe fún díkódà tirẹ̀, ló wà lórí rẹ̀, díkódà lásán kò lè bá a ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ìbéèrè méjì láti Òṣogbo. Bí òjò bá ti ń rọ̀ ni àwòrán ń fò lọ. Ṣé díìṣì alumíníọ̀mù yóò yanjú rẹ̀? Ìyàwó mi tún fẹ́ kí n fi ọ̀dà dídán kun díìṣì kó lè bá ilé mu. Ṣé ó léwu?

ÌDÁHÙN: Alumíníọ̀mù kò lè yanjú ti òjò. Omi inú òfuurufú ló ń jẹ ìgbì Ku kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí sígínà ti pọ̀ tó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ 60 lẹ ń lò, ẹ gbé e dé 90, agbára tó ń wọlé yóò di ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Bó bá jẹ́ 90 ni tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò kọjú síbi tó yẹ gan-an. Tí 90 bá fi dìgírì 1 ṣoṣo ṣìnà, ìdajì sígínà ti lọ, àmọ́ lọ́jọ́ oòrùn ẹ kò ní mọ̀. Dìgírì 1 yẹn kì í ju kí etí díìṣì sún ní mìlímítà 8.

Láti Òṣogbo, sátẹ́láìtì dìgírì 36 wà ní nǹkan bíi 102 tàbí 103 lórí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù, ó sì fi nǹkan bíi dìgírì 52 ga ju ilẹ̀ lọ. Díìṣì tí LNB rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ń wo òkè ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ, ní dìgírì 22 sí 26. Nítorí náà, ojú rẹ̀ yóò dà bí èyí tó kọjú síbi tí kò ga tó. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kí ó lè yí pẹ̀lú agídí. Ẹ ṣí ojú ibi tí díkódà ti ń fi ìmọ́tótó sígínà (Quality) hàn, kì í ṣe ibi agbára rẹ̀ (Strength). Ẹ máa sún un ní mìlímítà 2 tàbí 3, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó tún sún un, torí díkódà kì í tètè dáhùn. Ẹ sún un kọjá ibi tó ga jù, kí ẹ padà síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń di nọ́ọ̀tì, ẹ máa wo díkódà, spánà máa ń fa díìṣì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ wo ike ojú LNB náà. Bó bá ti sán, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọ̀dà, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé àwọ̀ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n mú, kó má ṣáà dán. Ní nǹkan bíi ọjọ́ 17 sí 18 oṣù kẹta àti ọjọ́ 25 sí 26 oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà lẹ́yìn sátẹ́láìtì yìí gan-an fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá òwúrọ̀. Àwòrán lè gé nígbà náà, yóò sì padà fúnra rẹ̀. Tí ojú díìṣì bá ń dán, yóò kó ìmọ́lẹ̀ àti ooru yẹn jọ sójú LNB bó ṣe ń kó ìgbì jọ, ike rẹ̀ lè yọ́. Ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó tẹ́ dọ́gba, kí ó má ṣàn kó ṣe kókó. Ọ̀dà kankan kò gbọdọ̀ kan ojú LNB, pàápàá èyí tó ní ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù nínú. Bó bá ta sí i, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kó tó gbẹ, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, torí yóò jẹ ike rẹ̀.